Ẹsẹ̀ Àdúrà Nínú Ilé Adìẹ Mi

Nígbà tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo kọ́ ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìrókò. Adìẹ kì í jáde, àlejò kì í wọlé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn aládùúgbò ń pè é, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàsíà omi apakòkòrò wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ọkọ mi pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀. Igba adìẹ ni mo tọ́ láti kékeré, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn.

Àfi bí àrùn ṣe wọ ìlú. Adìẹ ìbílẹ̀ ń yí ọrùn, wọ́n ń kú káàkiri. Ni ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, bá kó àwọn ìyá ìjọ jọ láti gbàdúrà láti agboolé dé agboolé. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ìjọ wọn kì í wọ bàtà. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò sí àgbàlá òkú adìẹ tí wọn ò tíì tẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kàn ti ẹsẹ̀ bọ omi yìí."

Ìyá ọkọ mi wo bàsíà, wọ́n wò mí. "Ìyàwó mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fi oògùn sílẹ̀. Ṣé òun ni n ó wá fi fọ ẹsẹ̀ àdúrà?"

Ta ni yóò ti ìyá ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn lójú èrò? Mo yà fún wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ń ṣe àmín, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọrùn àwọn adìẹ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo gbẹ́ ihò, mo sin wọ́n, mo tún gbẹ́ òmíràn. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè kọ ojú ìbínú náà sí. Mọ́kànlá ló kù.

Ìyá ọkọ mi wá bá mi dárò. Omijé gidi ni wọ́n sun. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọpẹ́lọpẹ́ àdúrà wa ọjọ́sí. Ìwọ gan-an ni nǹkan yẹn fẹ́ mú lọ."

Mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.