Ẹmu Tí Ìbílọlá Ń Dà Nù

Adẹ́mu ni Sylvanus ní Ìdógùn. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Ìbílọlá, kì í bu ẹmu ìrọ̀lẹ́ tirẹ̀ láìkọ́kọ́ bu ti ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti tú ká. Ìdí ife yẹn ni wọ́n ti ń rí ara wọn bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n gé ọmú òsì Ìbílọlá l'Ọ́wọ̀ nítorí jẹjẹrẹ, Sylvanus ló dúró tì í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ìbílọlá padà lọ gba oògùn, òun nìkan ló lọ, òun nìkan ló sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Dókítà Firdaus.

"Mà, họ́mọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ irú jẹjẹrẹ tiyín. Òun ló ń wọ inú rẹ̀ lọ sọ fún un pé kó máa dàgbà. Oògùn yìí ló ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ọtí sì máa ń jẹ́ kí họ́mọ̀nù náà pọ̀ lára, ó tún lè jẹ́ kí jẹjẹrẹ náà túbọ̀ máa gbọ́ tirẹ̀."

"Ẹmu ńkọ́?"

"Ọtí ni ẹmu, mà."

Ìbílọlá délé, kò lè sọ ọ́. Ta ni yóò la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti àárọ̀ gun ọ̀pẹ? Yóò gba ife, yóò fi kan ètè, bí ọkọ rẹ̀ bá ti yíjú, á dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Òórùn ẹmu kíkan ló fa Sylvanus débẹ̀ tó fi ká a mọ́.

"Ṣé ẹmu mi ò dùn mọ́ ni?"

Ìbílọlá wá sọ gbogbo rẹ̀. Sylvanus gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Adégbénga, ṣé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ́?"

"Rárá," ni Ìbílọlá wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò lágbára, nítorí òun náà ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ padà lọ s'Ọ́wọ̀.

"Bàbá," ni dókítà wí, "kò sẹ́ni tó lè sọ pé ohun báyìí ló fà á lára ẹnì kan. Ẹni tí kò mutí rí náà ń ní in. Ká ṣáà má ran àrùn lọ́wọ́ mọ́."

Sylvanus mi orí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó ṣì ń dá ẹmu, òun ni wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n títì ló ti ń tà á tán, kì í gbé e wálé mọ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tọkọtaya á jókòó síta bí àlejò méjì. Nígbà mìíràn ọ̀fun Ìbílọlá á máa béèrè ẹmu, á gbé itọ́ mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá Adégbénga. Ẹ̀rù ń bà mí."

Sylvanus kọjú sí i.

"Ó ń ba èmi náà," ló wí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀.