Ẹni Tí Ràbíátù Mú Wọ Yàrá Obì

Ní ọdún 1981, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ràbíátù, ọmọ Lìádì, ní Sábó ní Ṣàgámù. Ohun mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ní kíláàsì kẹfà: kì í pẹ́ dé ilé ìwé, kì í gbàgbé ohun tí a bá kọ́ ọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, ìdáhùn yóò ti dé ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n etí Àtinúkẹ́, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ni yóò sọ ọ́ sí. Àtinúkẹ́ ni yóò dìde, tí yóò dáhùn ketekete, tí wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún. Ràbíátù kò ka èyí sí ohun kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ìyá bàbá rẹ̀, Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù, ló tọ́ ọ dàgbà. Obì gbànja ni Àlàájà ń tà fún àwọn oníṣòwò Òkè Ọya, ó sì ti pinnu pé bí Ràbíátù bá ti parí ìwé mẹ́fà, inú yàrá obì ni yóò kù sí. Lìádì bẹ̀ ẹ́ títí pé ìwé ti di ọ̀fẹ́, kí ó jẹ́ kí ọmọ lọ sí sẹ́kọ́ńdírì.

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ni Àlàájà dá a lóhùn. "Ọmọ tí kò lè kí àlejò kí a gbọ́! Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ láàrin àwùjọ, kí ó máa lọ. Mo ti sọ ọ́."

Ọjọ́ Òbí ló wá mú ìrètí wá. Tíṣà Olúsànyà yan akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún pé kí wọ́n dìde níwájú àwọn òbí àti ọ̀gá tí ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé rẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ó kọ́ ní kíláàsì ṣàlàyé rẹ̀. Orúkọ Ràbíátù àti ti Àtinúkẹ́ wà níbẹ̀. Òfin mẹ́ta ni Tíṣà kọ sójú pátákó: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwé lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún olùkọ́ ṣáájú, kí ọ̀gá náà má baà rò pé olùkọ́ ló kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti sọ sọ. Bí orúkọ bá ṣe tò nínú rẹ́jísítà ni wọn yóò ṣe dìde.

"Sà, bí iṣẹ́ ilé ẹni méjì bá jọ ńkọ́?" ni Dúrótìmí béèrè.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló ni ín, èkejì á jókòó. Ìwọ Dúrótìmí, bàbá ta ló tún ń lẹ táyà nílé ìwé yìí yàtọ̀ sí tìrẹ?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ," ni Ràbíátù wí fún Àtinúkẹ́ nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. "Ohùn ni n kò ní."

"Mú mi dé yàrá obì yín. Kí n rí i, kí n lè mọ bí o ṣe máa sọ ọ́."

Àlejò kì í wọ yàrá obì ní ilé wọn. Àwọn oníbàárà pàápàá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí. Ọrùn Ràbíátù ni Àlàájà fi okùn kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kọ́, nítorí kò fọkàn tán ọwọ́ mìíràn nínú ilé. Ní Sátidé tí Àlàájà lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Likosi, Ràbíátù ṣí ilẹ̀kùn.

Ó fi gbogbo rẹ̀ hàn án: obì tí a rẹ sómi kí èèpo funfun rẹ̀ lè bọ́, obì tí ń lagun nínú agbọ̀n, aṣọ gbígbẹ tí a fi ń nù ún, èyí tí kòkòrò ti jẹ tí a ṣà sọ́tọ̀, ewé gbòdógì tí a tẹ́ tí a sì fi bò ó. Ràbíátù ń sọ ọ́ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Àtinúkẹ́ ń tún un sọ.

"Gbé ohùn sókè! Ṣé obì ló ń sùn tí o kò fẹ́ jí i?"

Ràbíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ìyá mi ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ ní Ìńtáṣéènjì. Kí ni n óò sọ níbẹ̀? Bí a ṣe ń fọ abọ́?"

Nígbà tí Ọjọ́ Òbí pé, iwájú ni Àlàájà jókòó sí, pẹ̀lú ìborùn funfun. Ìyá Àtinúkẹ́ kò lè fi ìkòkò sílẹ̀ wá. Orúkọ Àtinúkẹ́ ló ṣáájú. Ràbíátù ti múra láti pàtẹ́wọ́.

"Ní ilé wa," ni Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ketekete, "obì gbànja ni a ń tọ́jú."

Ràbíátù kọ́kọ́ rò pé ó ṣì sọ ni. Ṣùgbọ́n omi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ òógùn, lẹ́yìn rẹ̀ aṣọ gbígbẹ, kòkòrò, ewé, bí wọ́n ṣe tò ó nínú yàrá gẹ́lẹ́. "Ẹ̀yin òbí wa, obì kì í sùn," ni ó fi parí rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Àlàájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

Dúrótìmí sọ ti táyà, Fẹ̀hìntọlá sọ ti aṣọ rírán. Ó kan Ràbíátù.

"Iṣẹ́ wo?" ni Tíṣà béèrè.

"Obì, sà." Agbára káká ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

"A ti gbọ́ obì. O mọ òfin. Jókòó."

Ó jókòó. Lẹ́yìn tí Sàídì ti sọ tirẹ̀ tán, Tíṣà ní kí òbí tó bá ní ìbéèrè bi àwọn ọmọ. Àlàájà dìde.

"Ọmọ mi Àtinúkẹ́, o káre. Bí ẹ bá ti di agbọ̀n tán nílé yín, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé obì ti ń jẹrà láìtú u?"

Àtinúkẹ́ wá ṣe ohun tí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta: ó wo ojú Ràbíátù, ó ń dúró de ìdáhùn.

Ìdáhùn náà ti dé ètè. Ràbíátù kò sọ ọ́ sí etí ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó sì kígbe rẹ̀: "A máa ń ki ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n dé ìgúnwọ́ ni, Màmá! Bí ó bá gbóná, ó ti ń jẹrà. Bí ó bá tutù bí ìdí àmù, ó dára!"

"Jókòó!" ni Tíṣà wí. "Kì í ṣe ìwọ la bi."

Ọ̀gá láti ọ́fíìsì fún Àtinúkẹ́ ní ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ̀bùn ẹni tó sọ̀rọ̀ dáadáa jù. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, Àtinúkẹ́ dúró de Ràbíátù.

"Ràbí, ojú ló ń tì mí láti sọ ti abọ́. Ìwọ náà ò sì lè sọ ọ́ kó dùn tó bí mo ṣe sọ ọ́."

Ràbíátù kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, Àlàájà yíjú sí Ràbíátù. "Mo gbọ́ ohùn rẹ," ni ó wí. "Sẹ́kọ́ńdírì, wàá lọ. Mi ò ní yẹ ọ̀rọ̀ mi. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ lọ sí Likosi. Ọ̀rẹ́ mi ni, Màmá. Mo rò pé..."

"Èmi náà rò pé ọmọ mi ni ìwọ." Àlàájà na ọwọ́. Ràbíátù bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Ó lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, ó sì yege. Nígbàkigbà tí ó bá ti ilé ìwé dé, tí Àlàájà sì wà nídìí obì, yóò dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí i, ní ibi tí àwọn oníbàárà ń dúró sí.