Kọ̀ǹpútà Pandelis Tó Ń Gbóná

Ní Coober Pedy, ìlú àwọn awakùsà kan ní Australia, bí ẹnì kan bá dárúkọ olóògbé Pandelis, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín, kí wọ́n tó sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè tó wa ọkọ̀ tí àwọn awakùsà fi ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde nínú kòtò wá sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Ó na rọ́bà ràgàjì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wọ pálọ̀, ó ní eruku inú kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ fi fà.

"Pandelis, òkúta ni ẹ̀rọ yìí ń fà o!" Merv aládùúgbò rẹ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀. Ṣé ohun tó ń fa òkúta ni eruku máa wá ṣòro fún?"

Ó tan án. Eruku lọ lóòótọ́. Kọ́tìnì Evdokia ìyàwó rẹ̀ náà lọ, aṣọ orí tábìlì tẹ̀ lé e. Bí Pandelis sì ti lanu láti ní kí Merv pa á, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bá wọn lọ. Odindi ọ̀sán ni àwọn méjèèjì fi ń tú òkìtì yẹ̀pẹ̀ wá eyín. Evdokia gbé àga síta, ó jókòó, ó ń wò wọ́n níran.

Kọ̀ǹpútà ṣì ń gbóná.

Pandelis fúnra rẹ̀ ló tò ó. Ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti Adelaide, ó tò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó sì ń fi í yangàn káàkiri ìlú. Àmọ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, á sì kú lójijì.

Ká ní eré lásán ló ń fi í ṣe, kì bá tí dùn ún. Torí Themelina, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní erékùṣù Kalymnos nílẹ̀ Gíríìsì, ló ṣe tò ó. Ogójì ọdún ni wọn ò tíì fojú kan ara wọn. Bí wọ́n bá sì ti ríra lórí kọ̀ǹpútà báyìí, ìjà ọkọ̀ ojú omi bàbá wọn ló ń bẹ̀rẹ̀: ta ló gbàgbé láti so ó lọ́jọ́ tí ìjì gbé e lọ? Pandelis á ro ẹjọ́ tirẹ̀ tán. Kí Themelina tó fèsì, kọ̀ǹpútà á kú.

Ìyá àgbà gbà pé àbúrò òun ló ń mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ó tẹ fóònù, ó ní: "Ojo! Tó o bá tún pa nǹkan yìí mọ́ mi lẹ́nu ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, má pè mí mọ́ títí màá fi kú."

Ẹ̀rù ba Pandelis. "Merv, gbogbo ará ilé wa ti kú tán. Òun nìkan ló kù fún mi."

"Ra tuntun, jàre."

"Tuntun kẹ̀! Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tò ó?"

Ló bá ní kí wọ́n lu ihò láti orí òkè, kó já sórí kọ̀ǹpútà gan-an nínú ilé tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè náà, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Yẹ̀pẹ̀ pupa ya lu makaróònì tí Evdokia ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú ààrò.

"Ṣé atẹ́gùn ń wọlé àbí kò wọlé?" Pandelis bi Evdokia.

"Ó ń wọlé. Ẹyẹ náà ń wọlé."

Ní Sátidé, Pandelis ṣí ikùn kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ kan irin tó yẹ kó máa fa ooru kúrò lórí ọpọlọ. Ó tún un kàn.

"Merv, wá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọpọlọ ń jóná, irin tó gùn ún lórí sì tutù bí imú ajá! Nǹkan kan ti há sáàárín wọn."

Ó pa á, ó tú irin náà. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà! Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló lẹ̀ mọ́ ìdí irin, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: *Ẹ bó o kí ẹ tó lò ó.*

"O ò rí èyí nígbà tó o ń tò ó?"

"Mo rí i. Nítorí eruku ni mo ṣe fi í sílẹ̀."

Merv fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ló bá rántí ilé tirẹ̀. Ta ló ń bó ọ̀rá ní Coober Pedy? Rìmóòtù tirẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá wá láti ṣọ́ọ̀bù, àga ọkọ̀ rẹ̀ náà ńkọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti rà á. Ó yáa bá a di irin náà mú.

Pandelis bó ọ̀rá, ó fi ìpara tó ń gbé ooru ra ojú ọpọlọ, ó de irin padà.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, ó wọ kóòtù sọ́rùn. Ó ro ẹjọ́ tirẹ̀ tán. Themelina bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ló bá dákẹ́ lójijì. "Kò tíì kú?"

"Kò ní í kú mọ́, ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti ṣẹ́gun ẹ̀! Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ!"

Ó fò sókè, ó gbá Merv mọ́ra, ó jó yí tábìlì ká. Themelina sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣú. Pandelis bá rọra fẹsẹ̀ kan Merv lábẹ́ tábìlì. "Ọ̀rá yẹn dà?"

Háà, ọkùnrin yìí! Láti ìgbà náà, kò sí Sọ́ńdè tí wọn ò jà, kọ̀ǹpútà náà kò sì kú mọ́ rárá.

Nígbà tí Pandelis kú, Merv gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Lójú kọ̀ǹpútà náà ni Themelina ti ro ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àlùfáà dúró, kò ráyè. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Evdokia rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá àgbà tẹjú mọ́ pósí náà.

"Mo ti rò ó tán, Pandelis. Kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ mi." "Dákun, àbúrò mi, já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Merv kò pa kọ̀ǹpútà náà títí Themelina fi sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.