Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyá Jókòó Sílẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí, ẹ ṣì kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó ṣáájú èyí tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé ìwé pa. Fìdítì ni mò ń gbé, Ìlọrà ni mo ti ń ṣe tíṣà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ládùúgbò wa. Ẹnu mi mú bí abẹ nígbà náà. Kò sì tíì kújú títí dòní.

Ní ilé ìwé wa, ọmọ ló ń gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé. Ọmọ ẹni tó ń gba owó oṣù á gbé àga àti tábìlì wá, á jókòó níwájú. Ọmọ àgbẹ̀ tó rí pákó kàn á gbé àpótí wá, á wà láàárín. Èyí tí kò rí nǹkan kan gbé wá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tirẹ̀, lẹ́yìn pátápátá. Tí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, wàá mọ irú ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá láìbéèrè. Àwọn ará ilẹ̀ kì í rí pátákó ìkọ̀wé, ìpàkọ́ àwọn ará iwájú ni wọ́n ń rí. Tí ìdánwò bá wá dé, tí wọ́n fìdí rẹmi, wọn á ní olódo ni wọ́n. Irú ìyà wo nìyẹn? Àìní ilé ló gbé ọmọ sílẹ̀, ẹ wá ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ni kò jí.

Mùíbátù wà lára àwọn ará ilẹ̀ yìí. Ìyá ìyá rẹ̀, tí à ń pè ní Ìyá Rábì, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, ló ń tọ́ ọ. Tí mo bá béèrè ìṣirò, láti ìsàlẹ̀ ni ìdáhùn ọmọ náà á ti jáde kí n tó pa ẹnu dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà yìí wá bá mi.

"Tíṣà, mo wá dágbére fún yín. Mùíbátù ò ní wá mọ́."

"Yéè! Kí ló dé, mà?"

"Ojoojúmọ́ ló ń wúkọ́, òtútù ilẹ̀ ti mú un láyà. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ náà ni yóò máa jókòó lé, kó kúkú wá jókòó sílẹ̀ lóko mi, ká jọ máa bẹ ẹ̀gẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó fún mi láyè di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. Tí ọjọ́ ọjà bá kọjá tí kò sí àga, ó parí nìyẹn."

A pe ìpàdé àwọn òbí. Bàbá Dámilọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, fò dìde. "Àga tí mo fi òógùn ojú mi kàn fún ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kí n gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn ni?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba àga yín, sà. Ìjọba ló yẹ kó pèsè fún gbogbo wọn. Àbí ọmọ tiyín nìkan ló ní ìdí?"

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín dọ́ba. Ọkùnrin náà bínú jáde.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà ku ọ̀la, èmi, Ìyá Rábì àti àwọn ìyá mìíràn wọ mọ́tò, ó di ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ àga wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní dárúkọ wọn. A ti bẹ̀ wọ́n títí ṣáájú ìgbà yẹn, "ẹ máa retí" ni wọ́n ń sọ. Mo ti múra ariwo sílẹ̀; mo tilẹ̀ ti mu omi gbígbóná kí ohùn mi lè já geere. Bí a ṣe wọlé, ọ̀gá ibẹ̀, tí kò dàgbà tó ọmọ tí Ìyá Rábì bí, ní kí wọ́n gbé àga fún wa.

"Rárá, ọmọ mi," ni Ìyá Rábì wí. "Bí Mùíbátù ṣe ń jókòó ni èmi náà yóò ṣe jókòó."

Ó jókòó sórí símẹ́ǹtì, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ariwo tí mo gbé wá kò wúlò mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò fẹ̀yìn ti àga tìmùtìmù, tí arúgbó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀? Ọ̀gá dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dìde. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí fún mi."

"A ò bínú," ni Ìyá Rábì wí. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Iṣẹ́ wo? Ó gbìyànjú láti kọ̀wé ní ìdúró, kò ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọlé á dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá, á wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò pẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì fi wà ní ìdúró bí ẹni ń dúró de mọ́tò. Nígbà tó yá, ọ̀gá lóṣòó síwájú ìyá àgbà.

"Mà, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ibi ìjókòó fún gbogbo wọn. Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà."

Ìgbà náà ló jẹ́wọ́. Bẹ́ǹṣì ti wà nílẹ̀! Wọ́n tò wọ́n sínú yàrá ẹrù, wọ́n ń retí ọjọ́ tí èèyàn ńlá kan yóò ráyè wá fi wọ́n ya fọ́tò. Inú bí mi débi pé mo wọ yàrá náà lọ, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ já bẹ́ǹṣì sílẹ̀ níwájú kíláàsì wa. Mo sunkún ayọ̀. Ara tù mí bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Dámilọ́lá fúnra rẹ̀ fi àga bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ há mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Rábì náà wọlé, ó fìdí lé bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Háà! Èyí mà le ju ilẹ̀ lọ!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Alihamudulilahi. Tíṣà, ó ti jókòó. Èmi ń lọ sóko."

Ohun tí a rí gbà nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ kí bẹ́ǹṣì tó dé, kò sẹ́ni tó wá wọn padà. Mo ṣì ń pàdé wọn lọ́nà oko, wọ́n ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ọkàn mi á sì bàjẹ́. Gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn gbogbo wa.

Mùíbátù ti wà ní ilé ìwé girama. Ó wá kí mi ní Fìdítì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ga jù mí lọ. Ó ní ọ̀pọ̀ bẹ́ǹṣì náà ti ṣẹ́, wọ́n sì ti tún ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun pé kí wọ́n máa gbé àga bọ̀ láti ilé.

"Ìyá àgbà ti gbọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n ti gbọ́, mà. Wọ́n ní kí n bi yín pé ìgbà wo la tún ń lọ jókòó."