Ibòòji Tí Mo Gé Lulẹ̀

Orí ìwé ni ọgbà mi ti kọ́kọ́ dára. Mo fi rúlà fa ìlà àwọn ebè, mo ya ọ̀nà tí omi ìwẹ̀ yóò gbà dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó dí mi lọ́wọ́ ni igi dóńgóyárò tó wà láàárín àgbàlá wa ní Sábóńgàrí, ní Kánò. Kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀.

Abẹ́ igi yẹn ni ìyá mi ti máa ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó ń ta mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí kò tà á mọ́, ó ṣì ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ gé e, ó wo ìwé mi títí.

"Bí omi ò bá wá ńkọ́?"

"Màmá, mai ruwa ń gbé omi wá lójoojúmọ́."

"Azumi ti ń bọ̀ o."

Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ló ń sọ. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló kan ààwẹ̀ kan ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀? Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi gé igi lulẹ̀, n kò rí i.

Ìwé tí mo kà ní òjò ń bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta. Òjò ilẹ̀ Yorùbá ló ń sọ. Èmi tí wọ́n bí sí Kánò, tí mo mọ̀ pé oṣù karùn-ún a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí òjò tó dé, èmi náà ló kọ oṣù kẹta sílẹ̀, tí mo sì gbin ẹ̀fọ́ lóṣù náà.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mai ruwa, bàbá tó ń ti ọmọlanke omi, kò lè máa ti ẹrù nínú oòrùn láìmu omi. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ló ń wá, èyí tó sì ń gbé wá kò ju ti ìdáná àti ìwẹ̀ lọ. Omi ìwẹ̀ gan-an kò tó ohun tó ń ṣàn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo ẹ̀fọ́ ti gbẹ.

Ẹ̀fọ́ kọ́ ló ń dùn mí. Láàárọ̀, ìyá mi á gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á máa sún tẹ̀lé ibòòji títí ibòòji á fi tán. Nígbà náà ni á wọ yàrá, níbi tí iná kì í sí, á máa fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Kò bá mi wí rárá. Ká ní ó bá mi wí ni, ara ì bá tù mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwọn ìyá mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn dúró ti kùkùté náà.

"Ìyá wa, ta ló gé igi yìí? Onítọ̀hún ò ṣàánú yín o."

"Èmi ni," ni ìyá mi wí. "Mo ní kí wọ́n gé e. Ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù nílẹ̀."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ti ń dé sí i. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi tútù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.