Olùdíje Tó Tẹ Ìwé Ìlérí Méjì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kokomlemle, nílùú Accra, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Madina ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Láràárọ̀, mo máa wọ ọkọ̀ tròtró dé Circle, màá wá fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ àwọn olóṣèlú ló máa ń gbà wá lọ́wọ́.

Accra ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ló tẹ̀lé bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìborùn àti aṣọ ọmọdé ló sì ń tà lọ́jà Madina. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba lé kúrò ní Ghana láyé ọjọ́un. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjà wà nínú rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba nílé wa, ohùn ìyá mi máa ń lọ sílẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọlé wá. Ó ní ọ̀gá òun ń díje fún ilé aṣòfin lágbègbè Madina, ó sì gbé ìwé ìlérí tí wọ́n kọ lédè Òyìnbó kalẹ̀. Wọ́n máa gbẹ́ gọ́tà tó wà lẹ́yìn ọjà. Wọ́n máa kọ́ ilé ìgbẹ́ tuntun fún àwọn ará Zongo, ìyẹn àdúgbò àwa àlejò. Wọ́n sì máa tún owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹ̀ wò, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lójoojúmọ́.

"Ta ló gbọ́ èdè Alata níbí?" ló béèrè. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀gá mi na ìka sí mi.

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá. Nígbà tí mo dé ibi owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà ní kí n túmọ̀ ohun tí mo kọ fún òun. Mo ní, "Mo kọ ọ́ pé ẹ máa tún un yẹ̀ wò."

Ó mi orí. "Ìyẹn ò lágbára. Kọ ọ́ pé a máa fagi lé e."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó wà nínú ti Òyìnbó nìyẹn."

"Àwọn tó máa ka tiyín ò ní ka ti Òyìnbó," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ara fu mí. Mo bojú wo ọ̀gá mi, ó ń wo ojú àgogo. Mo kọ ọ́ bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún padà wá, èyí tó gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ Twi, ó sì fi ọwọ́ kọ ọ́. Ó ní ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ọmọ onílẹ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́ Twi, mo sì mọ̀ ọ́n kà ju Yorùbá lọ. Gọ́tà wà níbẹ̀. Ilé ìgbẹ́ ò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níwájú ni pé olùdíje náà máa jẹ́ kí àwọn àlejò tó ń tajà san ìlọ́po méjì owó orí tí ọmọ onílẹ̀ ń san, àti pé ẹni tí kò bá lè san án, kó ṣí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ka èyí?"

"Kí á tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n gbé e wá fún," ló dá mi lóhùn. "Ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Síbẹ̀, nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ tán, mo mú ẹyọ kan tí yíǹkì ti bà jẹ́, mo sì fi í sínú báàgì mi.

Nígbà tí mo délé, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi, mo sì sọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ sínú ti Yorùbá fún un. Ó ń ká ìborùn lọ́wọ́, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Ó wá bi mí pé,

"Àwọn wo ló ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń wá?"

"Rárá, Màámi."

"Báwo ló ṣe máa wá fagi lé ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo to ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ìyá mi ní, "Ẹni tó bá ń fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ, ohun tó jẹ́ tìrẹ ni kó o yáa máa ṣọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, olùdíje náà wá sí àgbàlá ilé kéwú tó wà nítòsí ilé wa. Ẹ̀wù batakárí ló wọ̀. Ó kí wa ní "Ẹ káàsán o" pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ó wá bá ọ̀rọ̀ lọ ní Hausa, èdè tí gbogbo wa gbọ́. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun jókòó tì í, àpò ìrẹsì kún ẹ̀yìn wọn. Nígbà tó dé ibi pé òun máa fagi lé owó tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá mi dìde, ó mú ìwé Yorùbá tí wọ́n pín àti ìwé Twi tí mo mú wálé dání. Hausa tirẹ̀ dá ṣáká.

"Ìwé yín méjì ló wà lọ́wọ́ mi," ló wí. "Ọ̀kan ní n ò ní sanwó mọ́. Èkejì ní kí n san ìlọ́po méjì. Èwo ni tiyín?"

Olùdíje náà gba ìwé Twi, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. "Hajia, ẹ má bínú. Àwọn tó bá wa tẹ̀wé ló ṣàṣìṣe."

Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun ti rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo tẹ orí ba. Bàbá àgbà kan láàárín àwọn oníṣòwò wa ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ má dójú ti àlejò wa." Ìyá mi jókòó. Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, òun náà gba tirẹ̀. Ó ní ìrẹsì ò ṣẹ òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá mi pè mí. Ó ti yọ ìwé tí ọkùnrin náà fọwọ́ kọ jáde látinú dúrọ́ọ̀. Kò sí lẹ́tà kan tí a yí padà nínú rẹ̀.

"Wọ́n ti ń sọ kiri pé a ò mọṣẹ́," ló wí. "Ṣé ìwọ lo mú un jáde?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

Kò pariwo. Ó ní, "Ilé ìtẹ̀wé tí ọ̀rọ̀ bá ń jò níbẹ̀, ta ló máa gbéṣẹ́ wá síbẹ̀?" Ó mú mi kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n lọ máa gé bébà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí irú rẹ̀ bá tún wáyé, màá tún mú un jáde.

Ẹni kejì tó ń díje náà ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo wá ìwé tirẹ̀ ní èdè mẹ́ta, mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ọ̀kan wé èkejì. Kò sí ọ̀rọ̀ owó orí kankan níbẹ̀. Òun ni mo dìbò fún, kò sì wọlé.

Oníbatakárí ló wọlé. Ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tún gbé pósítà ìdúpẹ́ wá fún wa, ọ̀gá mi sì dá mi padà sídìí kọ̀ǹpútà láti tò ó. Èmi àti ọkùnrin náà ò wo ojú ara wa.

Àlejò kankan ò san ìlọ́po méjì. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà dé ìdajì, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọdún yí, ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mìíràn, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè díẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ìyá mi fi èdè Ga bi í pé ta ló fi kún un. Ó ní òun ò mọ̀, wọ́n kàn rán òun ni. Ìyá mi wo ojú rẹ̀ títí, ó san án, ó sì yíjú padà sí obìnrin tó ń nájà lọ́wọ́ rẹ̀.