Asáré Dúró ní Hagiyadai

Kò sóhun tó ń bí Kuwabara Tokuji nínú láyé yìí tó rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Asáré. Ó ń dúró ní Mitsuzaka, ṣùgbọ́n tó bá dé Hagiyadai, ibùdókọ̀ àdúgbò Tokuji, fìrì ló ń kọjá. Rélùwéè kékeré tó ń dúró níbi gbogbo á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró dè é títí yóò fi kọjá. Àwọn èrò inú rẹ̀ á sọ̀ sórí pèpéle, ebi á sì máa pa wọ́n. Ta ló ń ta sóbà, núdù olómi gbígbóná tí wọ́n ń fi ìdúró jẹ níbẹ̀? Tokuji yìí kan náà ni.

Ẹ ò rí nǹkan! Ìdúró yẹn ló ń bọ́ ọ, òun ló fi rán Sayo ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Síbẹ̀ ojú ń ti ọkùnrin náà.

"Ṣé àwa kì í ṣèèyàn ni?" ló máa ń bi Yasue ìyàwó rẹ̀. "Mitsuzaka lásán-làsàn ló ń dúró sí!"

"Bàbá Sayo, ẹ jẹ́ ó máa kọjá jàre," Yasue á fèsì, á máa gé àlùbọ́sà eléwé rẹ̀ lọ. "Tó bá dúró, ta ló máa dúró jẹ sóbà wa?"

"Kí lo mọ̀ nípa ìlọsíwájú?"

Ọ̀gbẹ́ni Onílọsíwájú! Ó gba ìbuwọ́lùwé kárí àdúgbò. Ó ń lọ tẹríba fún àwọn onírélùwéè títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ìgbà tó sú wọn, wọ́n gbà.

Lọ́jọ́ tí Asáré kọ́kọ́ dúró, Tokuji wọ kóòtù dúdú tó ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó so táì funfun mọ́ ọn kó lè di ti ayẹyẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sunkún ayọ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ kékeré bẹ́ sínú Asáré bí ẹni ń sá fójò, ilẹ̀kùn pa dé, pèpéle dá wáí. Ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní ọjọ́ kìíní ló fà á. Oṣù wọlé, oṣù jáde, ìkòkò ń hó fún ara rẹ̀. Àfọwọ́fà gbáà!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí Tíṣà Minegishi, oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí tíṣà náà. Ó sáré dínà fún un.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n bu abọ́ kan fún yín. Màá fi ẹyin sí i."

"Há, Bàbá, mo máa pẹ́! Asáré tí ẹ bá wa mú wá ti dé. Gbogbo ilé wa ló ń yìn yín o!"

Ó tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ́ wọnú ọkọ̀. Tokuji náà tẹríba, nítorí a kì í tẹríba fúnni ká máa wòran. Nígbà tó fi máa gbórí sókè, ọkọ̀ ti lọ.

"Bàbá Onílọsíwájú," Yasue ké láti ẹ̀yìn ìkòkò, "ẹ wá pa iná yìí. Gáàsì ń jó lásán."

Ó wá, ó sì pa á.